Ká tó ra dísíìkì: ìtọ́sọ́nà fún ṣíṣètò ibi ìpamọ́ dátà tó yára fún ìwádìí físíìsì patíkù

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ olùwádìí kan pè mí pé kí n wá bá wọn wo sáfà wọn. Ẹ̀rọ tuntun ni, ọgọ́ta dísíìkì ló wà nínú rẹ̀, owó gidi ni wọ́n sì fi rà á. Àyè pọ̀ nínú rẹ̀, wọn ò tíì lo ìdajì. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá ti jọ gbé iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ wọn sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Mo jókòó tì í, mo sì ń gbọ́ bí orí dísíìkì ṣe ń sáré síwá sẹ́yìn nínú àpótí náà, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí sìmẹ́ǹtì. Àyè tó wọn. Ohun tí wọn ò kà ṣáájú ni iye ẹnu tí yóò máa jẹun nínú àká náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá ń fi TB nìkan díwọ̀n ibi ìpamọ́ yóò ra wàhálà (ẹgbẹ̀rún kB ni MB kan, ẹgbẹ̀rún MB ni GB kan, ẹgbẹ̀rún GB ni TB kan, ẹgbẹ̀rún TB ni PB kan). Bí dátà ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde, iye ọwọ́ tó ń fà á nígbà kan náà, ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Àyè ni a máa ń ṣírò gbẹ̀yìn. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo máa tẹ̀lé dátà láti ẹnu ẹ̀rọ aṣàwárí (detector) títí dé ọwọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì patíkù ti Yúróòpù, ni mo máa fi ṣe àwòkọ́ṣe, torí pé kò sí ibi tí wọ́n ti ṣe é tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é pamọ́. Fún ìṣirò, mo máa lo ìwádìí kékeré kan tí mo fi ọkàn dá, kí ẹ lè pààrọ̀ nọ́ńbà tèmi sí tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dúró sẹ́nu orísun

Ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ aṣàwárí, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Dátà ìkọlù kan ṣoṣo, ìyẹn ìgbà kan tí patíkù kọ lu patíkù, báwo ló ṣe tóbi tó? Ìkọlù mélòó ni ẹ óò máa kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Ọjọ́ mélòó lọ́dún ni ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́? Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn ò tíì mọ̀, ẹ má ra nǹkan kan.

Ní CERN, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Geneva níbi tí Switzerland àti ilẹ̀ Faransé ti pààlà, LHC, ẹ̀rọ tó ń mú patíkù sáré, ń yí ìdì proton (patíkù inú átọ́mù) káàkiri nínú òrùka tó gùn tó kìlómítà 27. Àwọn ìdì náà lè pàdé ní ìgbà mílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní ká kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó 1 MB, 40 TB nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí àká tó gba ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní asẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní trigger. Fún ATLAS àti CMS, méjì nínú àwọn ìwádìí ńlá tó wà lórí LHC, asẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà. Ó ń dín mílíọ̀nù 40 kù sí nǹkan bí 100,000. Àgbájọ kọ̀ǹpútà ni asẹ́ kejì, òun ló ń sẹ́ 100,000 yẹn kù sí ẹgbẹ̀rún mélòó kan, tí a wá ń gbé lọ pamọ́.

Gbogbo ìwádìí kọ́ ló ń sẹ́ báyìí o. LHCb, ìwádìí LHC míràn, ti yọ asẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ẹ̀rọ yẹn kúrò pátápátá fún àkókò iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022: GPU, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, ló ń gba nǹkan bí 4 TB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó sì ń dé ibi ìpamọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 10 GB lọ. ALICE, ìwádìí LHC tó ń fi òjé kọ lu òjé, yàn láti má ṣe da ìkọlù nù. Fífún ni wọ́n ń fún dátà pọ̀ kó tó dé dísíìkì. Ohun tí èyí ń sọ fún ẹni tó ń ṣètò ìpamọ́ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò asẹ́. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíràn ti pinnu iye owó yín.

Ó ya, àpẹẹrẹ wa. Ìkọlù kan jẹ́ 200 kB, a ń kọ 5,000 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ká ní ìdajì ọjọ́ ló fi ń ṣe é, fún ọjọ́ 150 lọ́dún. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, ìdajì rẹ̀ á fún wa ní 43.2 TB lójúmọ́, àti nǹkan bí 6.5 PB lọ́dún. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí sójú pátákó, torí gbogbo ohun tó kù ń ti ibẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà

Nílé tí omi ẹ̀rọ kì í dúró, gbogbo wa la mọ ìwúlò àmù. Bí omi bá dá, ilé á ṣì máa mu. Buffer ni àmù yìí nínú iṣẹ́ wa: dísíìkì tó wà nítòsí ẹ̀rọ aṣàwárí, tó ń gba dátà bí ó ṣe ń bọ̀, tó sì ń tì í lọ sí ibùdó ńlá. Bí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tàbí tí ibùdó ńlá bá wọlé àtúnṣe, ẹ̀rọ aṣàwárí kò gbọ́dọ̀ dúró, torí ìkọlù tó bá kọjá ti kọjá nìyẹn.

Báwo ni àmù náà ṣe máa tóbi tó? Ẹ ronú nípa òpin ọ̀sẹ̀ tó burú jù: ohun kan bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó lè tún un ṣe kò dé títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ká pè é ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má sì fi ìdajì ọjọ́ ṣírò níbí, torí ó lè jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ dáadáa jù. 86.4 TB lọ́nà mẹ́ta, 260 TB.

Ìtóbi rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni bí àmù náà ṣe máa ń yára sọ̀fo lẹ́yìn ìjákulẹ̀. Ká ní okùn já fún ọjọ́ kan gbáko, 86.4 TB ti rọ́ jọ. Okùn padà wá, ṣùgbọ́n dátà tuntun ṣì ń wọlé ní 1 GB. Bí ọ̀nà àbájáde yín bá lè gbé 1.1 GB, 0.1 GB péré lẹ fi ń san gbèsè yẹn: ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò gbà. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, nǹkan míràn á ti já. Bí ọ̀nà àbájáde bá jẹ́ 2 GB, ọjọ́ kan péré ni. Nítorí náà, òfin tí mo ń tẹ̀lé ni pé kí ọ̀nà àbájáde jẹ́ ìlọ́po méjì ọ̀nà àbáwọlé, ó kéré tán. Àmù wa gbọ́dọ̀ lè kọ 1 GB kó sì tún ka 2 GB nígbà kan náà. 3 GB lápapọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣí dísíìkì kan wò

Ibí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò.

Dísíìkì ńlá òde òní lè gba 20 TB. Ìwé tó bá a wá sọ pé ó ń ka nǹkan bí 250 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ìṣirò yẹn lọ yóò sọ pé dísíìkì 13 ti tó fún 260 TB, àti pé 13 lọ́nà 250 ju 3 GB lọ, iṣẹ́ ti parí. Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀ ná.

Àwo dísíìkì náà ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnì kan bá bèèrè dátà tó wà lápá ibòmíràn, orí tó ń kàwé gbọ́dọ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ìrìn yẹn á gba nǹkan bí 8 ms. 1 ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá débẹ̀, yóò tún dúró kí àwo yí ibi tó ń wá wá sábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 4 ms míràn. 12 ms ti lọ, a ò tíì ka báìtì kan.

Bí ohun tí a fẹ́ kà bá jẹ́ 256 kB péré, kíkà rẹ̀ ò ju 1 ms lọ. Nínú 13 ms, ìrìn ló jẹ 12. Dísíìkì tó pe ara rẹ̀ ní 250 MB yóò fún yín ní nǹkan bí 20 MB. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ka 4 MB lẹ́ẹ̀kan, ìrìn ṣì jẹ́ 12 ms, kíkà wá di 16 ms. Ẹ ó rí tó 140 MB. Dísíìkì kan náà, iṣẹ́ kan náà.

Ẹ wá gbé e wá sórí àmù wa tó ń fẹ́ 3 GB. Bí ìbéèrè bá ń wá ní 256 kB, tí kíkọ àti kíkà sì ń da ara wọn láàmú, dísíìkì 150 lẹ máa nílò. Bí wọ́n bá ń wá ní 4 MB, 21 ni. Owó dísíìkì 129 ló fara pamọ́ sínú nọ́ńbà kan tí ẹnì kan tẹ̀ sínú fáìlì ìṣètò. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìwé ìbéèrè owó, ẹ wá ẹni tó ń kọ ètò tó ń gbé dátà, kí ẹ sì bi í pé mélòó ló ń kọ lẹ́ẹ̀kan.

SSD, ìpamọ́ tí kò ní àwo tó ń yí, kò ní orí tó ń rìn, kò sì ní ìyọnu yìí. Bí àmù yín bá kéré, ẹ fi SSD ṣe é, ẹ ó sùn dáadáa. Fún ibi ìpamọ́ ńlá, iye owó rẹ̀ lórí TB kan ṣì ga jù dísíìkì oníyíyí lọ fíìfíì. Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀: dísíìkì oníyíyí ń tóbi sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ò yára ju bó ṣe ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá fi dísíìkì 20 TB mẹ́wàá rọ́pò dísíìkì 4 TB àádọ́ta ti rí àyè kan náà, ó sì ti pàdánù orí 40 tó ń kàwé fún un.

Ìdí nìyẹn tí CERN fi ń tan dátà ká. Ètò tí wọ́n ń pè ní EOS, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2011, ló ń so gbogbo sáfà wọn pọ̀ bí ẹni pé àpótí kan ni. Ní 2023, wọ́n kéde pé àyè dísíìkì wọn ti kọjá exabyte kan, ìyẹn mílíọ̀nù TB kan, lórí nǹkan bí ẹ̀rọ ìpamọ́ 111,000, àti pé kíkà lápapọ̀ ti kọjá 1 TB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín 1 TB yẹn sí 111,000. Nǹkan bí 9 MB ló kan dísíìkì kọ̀ọ̀kan. Dísíìkì kankan ò ṣe iṣẹ́ àrà níbẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dé orí.

Ẹ má gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Sáfà olọ́gọ́ta dísíìkì 20 TB ní 1.2 PB nínú. Bí ẹ bá so ó mọ́ wáyà 25 Gb (gígábíìtì ni Gb, bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan), nǹkan bí 3 GB ló lè gba ẹnu rẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́jọ́ tí sáfà yẹn bá ń ṣàìsàn, tí ẹ fẹ́ kó dátà inú rẹ̀ sá, ọjọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀ ni yóò gbà yín. Pẹ̀lú wáyà 100 Gb, ó lé díẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ràn sáfà tí dísíìkì inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí wọ́n sì pọ̀ níye.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: téèpù

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dárúkọ téèpù. Ní CERN, orí téèpù ni dátà gbogbo ìwádìí LHC ń lọ sinmi títí ayé, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní CTA, tó rọ́pò ètò àtijọ́ tó ń jẹ́ CASTOR ṣáájú kí iṣẹ́ tún tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Téèpù tó wà lórí pẹpẹ kì í jẹ iná, kòkòrò kọ̀ǹpútà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ sì dínkù lórí TB kan.

Téèpù LTO-9, ìran kẹsàn-án irú téèpù tí wọ́n ń pè ní LTO, gba 18 TB, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sì ń kọ 400 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 6.5 PB wa lọ́dún jẹ́ téèpù 360. Bí a bá ṣe ẹ̀dà méjì, 720. Fún ẹ̀rọ, 1 GB lọ́nà ẹ̀dà méjì jẹ́ 2 GB, ìyẹn ẹ̀rọ márùn-ún tí kò sinmi rárá. Ẹ fi mẹ́ta kún un fún àwọn tó ń bèèrè dátà àtijọ́, ẹ tún fi méjì kún un nítorí èyí tó máa ń wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Mẹ́wàá.

Téèpù ní ìwà méjì tó yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Àkọ́kọ́, ìrìn rẹ̀ jìnnà. Kí ọwọ́ róbọ́ọ̀tì tó mú téèpù, kó fi bọ ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì tó yí i dé ibi tí fáìlì wà, ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti lọ. Bí fáìlì náà bá jẹ́ 100 MB, kíkà rẹ̀ ò ju ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ: ìṣẹ́jú kan ìrìn fún ìpajú kan iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ 10 GB, ìṣẹ́jú àáyá 25 ni kíkà, ìyẹn ti bójú mu. Èkejì, téèpù kórìíra kí dátà máa kán tó tó sí i. Bí dátà ò bá dé kánkán, ẹ̀rọ á dúró, á yí téèpù padà sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Àlọ àbọ̀ yẹn ló ń jẹ téèpù àti ẹ̀rọ run. Ìdí nìyí tí CTA fi ní SSD níwájú téèpù: dátà á kọ́kọ́ péjọ sórí rẹ̀, lẹ́yìn náà á tú sí téèpù ní ìyára tó dọ́gba, kí wọ́n tó pa á rẹ́ kúrò lórí SSD. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀dà mélòó, àti níbo

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dáàbò bo dátà lórí dísíìkì ni ẹ̀dà méjì. Ó ń ná ìlọ́po méjì owó. Ọ̀nà kejì ni erasure coding: ẹ gé fáìlì sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ ṣírò ègé méjì míràn láti inú wọn, ẹ tan méjèèjìlá sórí sáfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyíkéyìí méjì nínú wọn lè sọnù, fáìlì á ṣì pé. Ìdá márùn-ún péré lẹ fi kún owó. Ibùdó RAL ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ègé 8 àti 3 lórí ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní Echo, tí wọ́n kọ́ lé Ceph, ètò kan tó ń so ọ̀pọ̀ sáfà pọ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ka díẹ̀díẹ̀ nínú fáìlì yóò jí ọ̀pọ̀ sáfà lẹ́ẹ̀kan. Èmi máa ń fi erasure coding sí ibi tí a ti ń ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì máa ń fi ẹ̀dà méjì sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń túpalẹ̀. Ẹ tún rí i pé sáfà yín ju iye ègé lọ. Ẹni tó ní sáfà 12 gẹ́lẹ́ fún ègé 12 kò ní ibi tí yóò tún ègé kọ sí bí ọ̀kan bá kú.

Dísíìkì 20 TB tó bá kú, bí ẹ bá fẹ́ fi ẹyọ dísíìkì kan rọ́pò rẹ̀, wákàtí 22 ni kíkọ nìkan yóò gbà, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Ètò tó ń tún ègé kọ sórí ọgọ́rùn-ún dísíìkì nígbà kan náà yóò parí ní àkókò kékeré. Mo ń wo èyí kí n tó wo ohunkóhun míràn nínú ètò tí wọ́n bá fẹ́ tà fún mi.

Ibi tí ẹ̀dà kejì wà tún ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó. Ní November 9, 2017, ọ̀pá omi ìlú kan bẹ́ ní òpópónà ní Bologna, omi sì ya wọ ibùdó CNAF, ọ̀kan lára àwọn ibùdó ńlá tó ń tọ́jú dátà LHC fún Ítálì. Omi náà bo ilẹ̀ yàrá, ó dé àwọn téèpù tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ sì dúró fún oṣù bíi mélòó kan. Ìwádìí LHC ò kú, nítorí pé dátà ìpìlẹ̀ wọn ní ẹ̀dà ní Geneva. Ẹ lọ wo ilẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí. Ẹ bèèrè ibi tí ọ̀pá omi gbà. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kejì sí ìlú míràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ fáìlì

Èyí kò gùn. Ibi ìpamọ́ tó tóbi ní ìwé kan tó mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, ìwé náà sì ní ìwọ̀n. Bí fáìlì wa bá jẹ́ 5 GB, 6.5 PB jẹ́ fáìlì mílíọ̀nù 1.3 lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ 50 MB, mílíọ̀nù 130 ni. EOS fúnra rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n yìí: tẹ́lẹ̀, gbogbo orúkọ fáìlì ló ń wà nínú mẹ́mórì sáfà kan, bí fáìlì sì ṣe ń pọ̀ ni àtitan sáfà náà ń pẹ́ sí i, kí wọ́n tó kọ́ QuarkDB láti gbé ìwé náà sórí ẹ̀rọ mélòó kan tó ń fohùn ṣọ̀kan. Ẹ da fáìlì kéékèèké pọ̀ kí wọ́n tó dé ibi ìpamọ́. Láàárín 2 GB sí 10 GB ló bá dísíìkì lára mu, ó sì bá téèpù náà lára mu.

Ìgbésẹ̀ keje: bí olùwádìí ṣe máa kà á

Aláta tó bá da ata, tòmátò àti àlùbọ́sà pọ̀ sínú agbọ̀n kan, ẹni tó wá ra àlùbọ́sà nìkan yóò tú gbogbo agbọ̀n náà. Bákan náà ni fáìlì tí a to ìkọlù sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùwádìí tó fẹ́ mọ agbára muon (irú patíkù kan) nìkan yóò ka gbogbo nǹkan tó kù pẹ̀lú rẹ̀. ROOT, ètò ìtúpalẹ̀ dátà tí René Brun àti Fons Rademakers bẹ̀rẹ̀ ní CERN ní àárín àwọn ọdún 1990, yanjú èyí nípa títo dátà ní òpó-òpó: gbogbo agbára muon lápá kan, gbogbo igun rẹ̀ lápá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ òpó 20 nínú ẹgbẹ̀rún kan yóò ka 20. TTree ni orúkọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ àtijọ́ náà. RNTuple ni tuntun tí wọ́n ṣe fún LHC tó ń bọ̀, tí ìkọlù yóò ti pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, RNTuple ni kí ẹ gbìyànjú.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa túpalẹ̀ lórí dátà ìpìlẹ̀. Ìkọlù kan ní CMS tó nǹkan bí 1 MB nígbà tó jáde nínú ẹ̀rọ. Nínú NanoAOD, ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ olùwádìí, kò ju 1 sí 2 kB lọ. Ìyàtọ̀ ìlọ́po 500 sí 1,000 nìyẹn, láìra dísíìkì kan. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn olùwádìí yín, ẹ jọ yan òpó tí wọ́n ń lò gan-an.

Ìjìnnà náà ń jẹ àkókò. Láti ibùdó kan dé òmíràn ní Yúróòpù, àlọ àti àbọ̀ ìbéèrè kan lè gba 20 ms. Ètò tó bá ń bèèrè ègé 10,000 lẹ́yọ̀-lẹ́yọ̀ yóò fi ìṣẹ́jú àáyá 200 dúró lásán. Bí ó bá kó ọgọ́rùn-ún pọ̀ sínú ìbéèrè kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. XRootD, ètò tó ń gbé dátà gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ti ibùdó ìwádìí SLAC ní Amẹ́ríkà wá, mọ bí a ṣe ń gba ìbéèrè alákòópọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tó lọ́ra tí wọ́n gbé wá bá mi, èyí ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo bá níbẹ̀: ẹnì kan ló pa TTreeCache, ohun tó ń kó ìbéèrè pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ROOT, láìmọ̀.

Fún àpẹẹrẹ wa: iṣẹ́ 500 lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ 10 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 5 GB nìyẹn, tó wá ní ègé kéékèèké. Ibí ni mo ti ń ná owó SSD láìkábàámọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: báìtì tó ń yí padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni

Ní 2007, Bernd Panzer-Steindel ní CERN jábọ̀ ìdánwò kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú dátà gbọ́. Wọ́n fi ètò kékeré kan sórí ẹ̀rọ tó lé ní 3,000. Ètò náà á kọ fáìlì 2 GB tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, á kà á padà, á sì fi wéra, ní wákàtí méjì-méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àṣìṣe 500 ló yọjú lórí ẹ̀rọ 100. Ẹ̀rọ gbà pé òun ti kọ ọ́ dáadáa, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni checksum, òǹkà kan tí a ṣírò láti inú fáìlì, tó ń yí padà bí báìtì kan bá yí padà. Adler32 ni wọ́n jọ ń lò ní gbogbo àwọn ibùdó LHC. Ẹ ṣírò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti bí dátà, kí ẹ tó gbé fáìlì rìn rárá, kí ẹ sì tún un ṣírò níbi gbogbo tó bá dé. Bí xrdcp, àṣẹ XRootD tó ń gbé fáìlì, ṣe ń ṣe é nìyí:

`xrdcp --cksum adler32:source dátà_0412.root root://sáfà-yín//ìpamọ́/dátà_0412.root`

Ẹ má pa fáìlì rẹ́ nínú àmù títí tí téèpù méjèèjì yóò fi dáhùn pẹ̀lú òǹkà kan náà. Ẹ tún ní ètò tó ń ka gbogbo dísíìkì yín látòkè délẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan-mélòó kan, torí ègé tó ti bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀ máa ń dúró de ọjọ́ tí èkejì rẹ̀ máa kú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ bà á jẹ́ fúnra yín

Kí ẹ tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ẹ fi irú iṣẹ́ yín gan-an dán an wò, kì í ṣe ìdánwò tiwọn. Lórí sáfà kan, ẹ lo fio, ètò tó ń dán dísíìkì wò:

`fio --name=kika --directory=/data01 --rw=randread --bs=256k --size=20G --numjobs=32 --direct=1 --ioengine=libaio --runtime=300 --time_based --group_reporting`

Lẹ́yìn náà, ẹ yí 256k sí 4m, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Bí ẹ bá ti rí i, kí fio ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ fa dísíìkì kan yọ. Ẹ pa sáfà kan lójijì. Ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ máa kọ bí ìyára ṣe já wálẹ̀ àti ìgbà tó padà sípò. Mo ti rí ètò tó yára bí àṣá, tí dísíìkì kan ṣoṣo kú, tó sì di ìgbín fún ọjọ́ méjì.

Àwọn ibùdó LHC náà ń ṣe irú èyí lápapọ̀. Ní 2021, wọ́n ti dátà gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo àgbáyé wọn ní ìdá 10 nínú 100 ohun tí LHC tó ń bọ̀ yóò nílò. Ní February 2024, wọ́n gbé e dé ìdá 25. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ọdún karùn-ún

Ìwádìí ń pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Dátà LEP, ẹ̀rọ tó ṣáájú LHC, tó ṣiṣẹ́ ní CERN láti 1989 sí 2000, ṣì wà nípamọ́, ṣùgbọ́n téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ti di ìtàn. Wọ́n ti ń gbé e láti ìran téèpù kan sí òmíràn. Ẹ̀rọ LTO-9 lè ka LTO-8, kò lè ka LTO-7. Bí ẹ bá sùn fún ìran méjì, ẹ ó máa wá ẹ̀rọ àlòkù kiri.

Ní ọdún karùn-ún, àpẹẹrẹ wa á ti ní nǹkan bí 32 PB. Ẹ̀rọ téèpù kan tó ń ka 400 MB láìsinmi yóò lo ọdún méjì àti ààbọ̀ láti kà á tán. Mẹ́rin tó ń kà, pẹ̀lú mẹ́rin tó ń kọ, yóò ṣe é ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, láìfọwọ́ kan mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ kọ ẹ̀rọ mẹ́jọ yìí mọ́ ìwé ìbéèrè owó láti ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọdún tí ẹ máa rà wọ́n, kí ẹni tó bá bá yín lẹ́nu iṣẹ́ lè rí i níbẹ̀.